Columbus ti Kentucky: abúlé etí odò, odi ogun, àti àwọn tí ó wá lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n irin

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo kúrò ní Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, tí mo gba títì 51 lọ sí ìhà àríwá. Títì náà la àárín oko kọjá, ó sì gba ibi tí ènìyàn ti lè yà sí ọwọ́ òsì lọ sí Fort Pillow, orúkọ kan tí n óò tún padà dárúkọ kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wọ Kentucky, mo dé Clinton, mo yà sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, kò sì pẹ́ tí mo fi dé Columbus, abúlé kan tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 200. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi ojú mi rí ibẹ̀, nítorí ìtàn ẹ̀wọ̀n irin kan tí àwọn jagunjagun fi dí odò Mississippi. Mo rí èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀wọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn tí ó wá sí orí òkè kan náà lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n ti já, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n sá kúrò ní oko ẹrú, tí wọ́n sì wá di ẹni tí ń yin ìbọn àgbá fún ìjọba.

Bí ènìyàn bá ń ka ìtàn Columbus, oṣù mẹ́fà ni yóò rí kà jù lọ, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1861 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1862. Ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e kì í sábà gbà ju ìlà mélòó kan lọ. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ìdí sì nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Columbus wà ní etí ìlà oòrùn odò Mississippi, níbi tí òkè kan ti dúró gbọnrangandan bí ògiri lórí omi, tí ó ga ju 150 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ilẹ̀ òkè náà pupa bí irin tí ó dípẹtà, èyí tí ó mú kí àwọn Faransé tí ó kọ́kọ́ ń tukọ̀ kọjá níbẹ̀ máa pè é ní etí odò onírin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn, wọ́n ń pè é ní Iron Banks. Ọwọ́ àwọn Chickasaw, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ra gbogbo agbègbè náà ní ọdún 1818. Andrew Jackson àti Isaac Shelby ni ó ṣojú ìjọba nínú àdéhùn náà, títí di òní ni àwọn ará Kentucky sì ń pe igun ìpínlẹ̀ wọn yìí ní ilẹ̀ tí Jackson rà. Columbus ni olú ìlú àkọ́kọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ Hickman, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Clinton. Àwọn ará abúlé náà tún ní ìtàn àtẹnudẹ́nu kan pé Thomas Jefferson fẹ́ gbé olú ìlú gbogbo Amẹ́ríkà wá síbẹ̀ láti Washington. Ìtàn lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lórí òkè náà, tí ó rí bí odò náà ṣe fẹ̀ tí ó sì ká kọrọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, yóò mọ ìdí tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fi dùn lẹ́tí àwọn baba ńlá wọn.

Ohun tí ó sọ abúlé náà di ibi tí àwọn ọ̀gágun ń jà sí ni pé odò àti ojú irin pàdé níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1861 ni wọ́n parí ojú irin Mobile and Ohio, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti èbúté Mobile ní etí òkun Alabama, tí ó sì wá pin sí Columbus. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Cairo ní ìpínlẹ̀ Illinois, bíi máìlì 20 sí òkè odò, níbi tí odò Ohio ti dà sínú Mississippi. Oṣù kan náà tí ojú irin náà parí ni ìbọn àkọ́kọ́ dún ní Fort Sumter, tí ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó ya ara wọn sọ́tọ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ kankan kan òwò ẹrú àti oko ẹrú wọn. Lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó bá di orí òkè Columbus mú ti di ojú odò àti ojú irin mú pọ̀.

Kentucky wà ní àárín. Ìpínlẹ̀ tí ó ní ẹrú ni, ṣùgbọ́n kò bá àwọn tí ó ya lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1861, gómìnà rẹ̀ kéde pé Kentucky kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, pé kí apá méjèèjì má ṣe kó ogun wọ ilẹ̀ òun. Ìkéde náà kò ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun Gúúsù tí Gideon Pillow kó sòdí wọ Kentucky, wọ́n sì gba Columbus. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni Leonidas Polk, ọ̀gágun tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal ní Louisiana kí ó tó gbé idà, tí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ogun ní West Point kí ó tó di àlùfáà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ulysses Grant ti ìjọba àpapọ̀ náà kó ogun láti Cairo, ó gba Paducah ní etí odò Ohio. Nítorí pé Polk ni ó kọ́kọ́ rú òfin ààlà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kentucky kọjú ìjà sí i, wọ́n sì ti ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni Polk ṣe. Ó gba òkè kan, ó sì pàdánù odindi ìpínlẹ̀ kan.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí òkè náà kò kéré. Wọ́n gbẹ́ yàrà yípo, wọ́n mọ odi amọ̀ sẹ́yìn yàrà, wọ́n to ìbọn àgbá sí ìpele ìpele láti etí omi títí dé ṣóńṣó òkè, títí ìbọn náà fi tó bíi 140. Fort DeRussy ni wọ́n pe odi náà. Àwọn ọmọ ogun tí ó wà níbẹ̀ lé ní 15,000, nínú abúlé tí ènìyàn rẹ̀ kò tó apá kékeré iye bẹ́ẹ̀. Àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí yàrà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ó ṣì ní ipa yàrà ogun àtijọ́ ní ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo rí ti Columbus, tí koríko ti bò ó, tí igi ńlá sì ti hù láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú mi kò ṣe àjèjì sí i. Ṣùgbọ́n mo tún rántí pé ní gbogbo etí odò yìí, ọwọ́ ẹrú ni àwọn ará Gúúsù fi ń gbẹ́ yàrà wọn. Àwọn olówó oko ni ó ń yá ọmọ ogun ní ẹrú, bí ẹni ń yá ni ní ọkọ́ àti àdá.

Ẹ̀wọ̀n irin náà ni ó wá sọ odi yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Polk fẹ́ kí ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ má lè gba ojú omi kọjá rárá, nítorí náà ó na ẹ̀wọ̀n láti ìdí òkè Columbus lọ sí Belmont ní òdìkejì odò, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ̀wọ̀n náà tó máìlì kan ní gígùn. Ìdákọ̀ró ńlá kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ni wọ́n rì mọ́ inú ilẹ̀ òkè láti dì í mú, wọ́n sì to àwọn igi tí ó ń léfòó sí abẹ́ rẹ̀ lójú omi kí ó má baà rì. Wọ́n tún sin ohun abúgbàù sínú odò. Ẹni tí ó bá ti rí Mississippi nígbà tí omi bá kún, tí ó rí odindi igi pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tí omi ń gbé lọ bí ẹni gbé koríko, yóò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Ìwúwo ẹ̀wọ̀n náà fúnra rẹ̀ àti agbára omi ni ó já a. Ọkọ̀ ogun kankan kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀ láti dán an wò.

Ìjà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Columbus gan-an wáyé ní òdìkejì odò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1861, Grant kó àwọn ọmọ ogun bíi 3,100 sínú ọkọ̀ ojú omi láti Cairo, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní ẹ̀bá Belmont, níbi tí àwọn ará Gúúsù pa ibùdó kékeré kan sí. Wọ́n lé àwọn ará ibùdó náà sá dé etí omi, wọ́n sì sun àgọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ìṣẹ́gun wọ àwọn ọmọ ogun Grant lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù kiri, ìgbà náà sì ni ìbọn àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí láti orí òkè Columbus, tí Polk sì ń kó àwọn ọmọ ogun tuntun sọdá odò láti wá dí ọ̀nà mọ́ wọn. Wọ́n jà padà dé ìdí ọkọ̀ wọn. Grant ni ó kẹ́yìn. Ẹṣin rẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti etí odò tí ó ga, ó sì gba orí pákó kan ṣoṣo wọ inú ọkọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan pàdánù bíi 600 ènìyàn, bí a bá ka òkú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí wọ́n mú ní òǹdè ogun pọ̀. Apá méjèèjì ni ó sọ pé àwọn ni ó borí. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ ni Grant lọ kọ́ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ san owó rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, òun ni ó di olórí gbogbo ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ní 1869 ó sì di ààrẹ.

Ìbọn tí ó tóbi jù lọ lórí òkè náà ni wọ́n fi orúkọ ìyàwó Polk pè, Lady Polk. Ó wà lára àwọn tí ó rọ òjò ọta lé Belmont lórí. Nígbà tí ìjà parí, ọta kan ṣì wà nínú rẹ̀. Irin ìbọn náà gbóná nígbà tí wọ́n ki ọta náà sí i. Nígbà tí ó tutù, irin sún kì, ó há mọ́ ọta. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, Polk wá wo ìbọn náà, wọ́n sì fẹ́ yìn ín lójú rẹ̀. Ìbọn náà fọ́. Ó pa àwọn kan nínú àwọn tí ó yí i ká, ó ya aṣọ mọ́ bíṣọ́ọ̀bù náà lára, ó sì gba iyè rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Polk yè é nígbà náà. Ọta àgbá ìjọba àpapọ̀ ni ó wá pa á ní Pine Mountain, ní Georgia, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1864.

Odi tí wọ́n náwó nára lé lórí tó báyìí, ẹnikẹ́ni kò wá kọlù ú láti iwájú. Grant gba ẹ̀yìn. Ó gba odò Tennessee àti odò Cumberland, tí wọ́n wà ní ìhà ìlà oòrùn, ó ṣẹ́gun Fort Henry ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1862, ó sì gba Fort Donelson ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù tí ó wà ní Columbus bá ara wọn lórí òkè tí ọ̀tá ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Wọ́n kó ìbọn àti ẹrù wọn, wọ́n lọ sí New Madrid àti erékùṣù kẹwàá, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni wọ́n kó tán; ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gun òkè náà láìyin ìbọn kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa ìwé dé. Ibí sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Ìjọba àpapọ̀ sọ Columbus di ibùdó ìkẹ́rùsí fún ogun tí wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ lójú odò Mississippi. Ohun ìjà, oúnjẹ, ẹṣin àti aṣọ ọmọ ogun ń gba ibẹ̀ kọjá lójú irin lọ sí ìpínlẹ̀ Tennessee àti ìpínlẹ̀ Mississippi. Wọ́n pe odi ti àwọn ní Fort Halleck. Bí ìròyìn ṣe ń tàn kálẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun Àríwá ti wà lórí òkè, àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní oko ní ìwọ̀ oòrùn Tennessee àti ní Kentucky fúnra rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ ọwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ogun kọ́kọ́ kà wọ́n sí ẹrù ọ̀tá tí ọwọ́ tẹ̀ lójú ogun, nítorí pé òfin kò tíì ní orúkọ mìíràn fún wọn. Wọ́n pàgọ́ sí ibùdó tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n ń já ẹrù láti inú ọkọ̀, wọ́n ń gé igi ìdáná, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń sin òkú ara wọn, nítorí pé àìsàn pọ̀ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí odò náà.

Ipò wọn le ju bí ọ̀pọ̀ lára wa ṣe rò lọ. Ìkéde ìdásílẹ̀ ẹrú tí Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1863 kò kan Kentucky, nítorí pé Kentucky kò ya kúrò lára ìjọba àpapọ̀. Kò kan Tennessee pẹ̀lú. Ẹrú tí ó bá sá láti ìpínlẹ̀ Mississippi wá sí Columbus lè sọ pé òun ti di òmìnira lábẹ́ òfin; ẹni tí ó sá kúrò lóko kan ní máìlì mẹ́wàá sí odi náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Olówó rẹ̀ lè wá dúró ní ẹnu odi pẹ̀lú ìwé, kí ó béèrè pé kí wọ́n dá a padà. Àwọn olóṣèlú Kentucky sì ta kú pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn lé ẹrú ìpínlẹ̀ àwọn lọ́wọ́.

Èyí ni ó jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Columbus ní oṣù Kẹfà ọdún 1863 fi jẹ́ ti Tennessee, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti kó wọn jọ. Ẹgbẹ́ oníbọn àgbá kejì ti Tennessee, ti àwọn ọmọ Áfíríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1864, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹgbẹ́ oníbọn àgbá kẹrin ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣọ́ òkè náà: kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ki àgbá, bí a ṣe ń fi ojú wọn ọ̀nà jíjìn, bí a ṣe ń yí àgbá padà kúrò lójú odò sí ojú ilẹ̀ nígbà tí ogun bá gba ẹ̀yìn wá. Aláwọ̀ funfun ni àwọn ọ̀gá wọn. Owó oṣù wọn jẹ́ dọ́là mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń yọ dọ́là mẹ́ta nínú rẹ̀ fún aṣọ, nígbà tí ọmọ ogun aláwọ̀ funfun ń gba dọ́là 13. Oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Washington tó wá sọ pé kí owó náà dọ́gba.

Oṣù Kẹrin ọdún 1864 yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Nathan Bedford Forrest, ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin ti Gúúsù, tí ó ti fi òwò ẹrú di olówó ní Memphis ṣáájú ogun, ń gun ẹṣin kiri ìwọ̀ oòrùn Tennessee àti Kentucky. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu Fort Pillow, odi etí odò tí mo gba ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó bíi 600, ìdajì wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, oníbọn àgbá bíi ti Columbus. Nígbà tí odi náà ṣubú, wọ́n ń pa àwọn tí ó ti ju ìbọn sílẹ̀, àwọn tí ó ti na ọwọ́ sókè, àti àwọn tí ó sá sínú omi. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú odi náà, àwọn tí ó kú ju ìdajì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 13, àwọn ẹlẹ́ṣin Forrest dé iwájú Columbus. Wọ́n fi àsíá funfun rán ìwé wọlé ní orúkọ ọ̀gágun Abraham Buford. Ìwé náà sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ odi náà. Ó ní bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó gbé ìbọn yóò padà sọ́dọ̀ olówó wọn. Bí òun bá fi ipá gbà á, òun yóò ka ọmọ ogun aláwọ̀ funfun sí òǹdè ogun, ṣùgbọ́n òun kò ní dá ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú kankan sí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ìwé yẹn jẹ́ fún ọkùnrin kan tí ó dúró ti àgbá lórí òkè náà. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lè wà ní ibùdó ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ni ìwé náà fi sílẹ̀ fún un, kí ó padà sí oko ẹrú tàbí kí ó kú, nígbà tí ọmọ ogun aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà ní ọ̀nà kẹta. Ọ̀gá odi náà ní ọjọ́ náà ni William Hudson Lawrence, kọ́nẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹrìnlélọ́gbọ̀n ti New Jersey. Ó dá èsì padà pé ìjọba òun fi òun sí ibẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó tó láti lé ọ̀tá, àti pé ọ̀rọ̀ ìjọ̀wọ́ odi kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó wá náà kò kọlù wọ́n. Ète ni wọ́n fi ṣe, kí ojú gbogbo ènìyàn lè wà ní Columbus nígbà tí Buford fúnra rẹ̀ ń lọ kó ẹṣin ní Paducah. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dúró ti àgbá ní ọjọ́ náà kò mọ̀ pé ète ni. Wọ́n dúró ni. Bí mo bá ń ronú nípa odi Columbus, ọjọ́ yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ṣáájú ọjọ́ Belmont.

Láàárín ọdún kan náà, ojú òfin bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní Kentucky. Wọ́n gbà kí ẹrú ìpínlẹ̀ náà wọṣẹ́ ogun, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́ di òmìnira. Iye àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wọṣẹ́ ogun láti Kentucky lé ní 23,000. Louisiana nìkan ni ó jù ú lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1865, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Washington ṣe òfin pé ìyàwó àti ọmọ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú náà ti di òmìnira. Nípa báyìí, ní ìpínlẹ̀ tí ìkéde Lincoln kò dé, ọkùnrin kan lè fi ìwé ìwọṣẹ́ ogun rẹ̀ já ìyàwó rẹ̀ gbà. Àwọn yòókù ní Kentucky ní láti dúró títí di oṣù Kejìlá ọdún 1865, nígbà tí àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fòpin sí ẹrú níní ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé ìgbìmọ̀ Kentucky kọ̀ láti fọwọ́ sí àtúnṣe náà nígbà náà. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ oníbọn àgbá kẹrin kúrò lórí òkè Columbus ní oṣù Kẹfà ọdún 1865. Wọ́n kó wọn lọ sí Arkansas, wọ́n sì tú wọn ká ní oṣù Kejì ọdún 1866.

Abúlé náà padà sí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ ojú omi àti ojú irin. Nígbà náà, ìsàlẹ̀ òkè ni ó wà, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó sún mọ́ omi. Odò náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìkún omi tí ó burú jù lọ ni ti ọdún 1927, èyí tí ó lé ènìyàn tí ó ju 600,000 kúrò nílé láti Illinois títí dé Louisiana. Omi bo Columbus. Ẹgbẹ́ Red Cross rán Marion Rust wá láti ṣe ìrànlọ́wọ́, lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni wọ́n sì fi gbé abúlé náà gun orí òkè, tí wọ́n ń fa ilé onípákó láti ìsàlẹ̀ lọ sí àyè tuntun. Nítorí náà, Columbus tí ènìyàn ń rí lónìí kì í ṣe ibi tí Polk bá a. Ìsàlẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ogun ń gúnlẹ̀ sí ti padà sọ́wọ́ odò.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ilẹ̀ ya ní etí òkè, tí ẹ̀wọ̀n àti ìdákọ̀ró Polk sì jáde síta. Rust àti àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìjọba pé kí wọ́n tọ́jú ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ wá síbẹ̀, wọ́n tún yàrà ṣe, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé. Ibẹ̀ ni ó di ọgbà ìpínlẹ̀ Columbus-Belmont. Ilé kan tí ó ti wà ṣáájú ogun, tí wọ́n lò fún ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wọ̀n náà. Oríkèé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wúwo ju ohun tí mo rò lọ, ó dúdú, ọwọ́ kan kò sì lè ká a. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí wọ́n fi dí odò àti ohun tí wọ́n fi ń de ènìyàn mọ́lẹ̀, mo sì ronú lé èyí fún ìgbà pípẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo tọ ẹ̀bá yàrà lọ títí mo fi dé etí òkè. Belmont kò sí mọ́ ní òdìkejì. Oko ni ó kù níbẹ̀, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú lè dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń ti àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ó kún fún ẹrù lọ sí ìsàlẹ̀ odò láìyára.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo wá ìwé orúkọ ẹgbẹ́ oníbọn àgbá kẹrin, tí ìjọba ti kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ti gbogbo àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Orúkọ àwọn olówó wọn ni ọ̀pọ̀ wọn jẹ́, bí ẹrú ṣe máa ń jẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà A, mo ń ka orúkọ náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ní alaalẹ́.